Ẹsẹ̀ MGB fún ojú títì: èwo ni ká pààrọ̀, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Ẹni tó bá ra MGB, spọ́ọ̀tì káà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lónìí, àgbàlagbà ọkọ̀ ló rà. Ọdún 1962 ni èyí àkọ́kọ́ jáde ní Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, October 1980 sì ni iṣẹ́ parí níbẹ̀. Wọ́n ṣe iye tó lé ní 500,000, ìdí nìyẹn tí páàtì rẹ̀ fi kún ọjà dòní ju ti ọ̀pọ̀ spọ́ọ̀tì káà ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n òun náà ló ń da orí ẹni rú. Ẹ ṣí katalọ́ọ̀gì ẹnikẹ́ni tó ń ta nǹkan MGB síbi tí wọ́n kọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ sí, ìyẹn gbogbo ohun tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀: ṣọ́ọ̀kì oríṣiríṣi, búùṣì pupa, búùṣì búlúù (rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ojú ihò tí irin ti so mọ́ irin), sípíríǹgì tó ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, sípíríǹgì tó ń mú un le. Gbogbo wọn ni wọ́n ní yóò mú ọkọ̀ dára sí i. Dára sí i níbo? Ní pápá ìdíje ni, àbí lójú ọ̀nà abúlé Kent tí kòtò ti gba ibi tí ọ̀dà wà?

Ojú títì ni tèmi. Mò ń bá ẹni tó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn sọ̀rọ̀, tó ń gun gegele London kọjá, tó ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Brighton lọ́jọ́ Sátidé, tí kò fẹ́ kí ẹ̀yìn máa ro obìnrin náà kí wọ́n tó débẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọ̀pọ̀ MGB tí wọ́n ní ó fẹ́ páàtì ìgbàlódé, gbígbó ló gbó. Kí ara rẹ̀ padà sípò ló ń fẹ́. Nítorí náà, níbikíbi tí mo bá ti sọ "ti ìpilẹ̀" nínú ìfiwéra yìí, ẹ má rò pé èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yín báyìí ni mò ń sọ, èyí tí ọ́ìlì ń jò lára rẹ̀. Èyí tó pé, tó ń ṣiṣẹ́ bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é ni.

Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀

Níwájú, táyà kọ̀ọ̀kan ní sípíríǹgì kíká kan, apá kan lókè àti apá kan nísàlẹ̀. Ètò yẹn dàgbà ju ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Lára MG Y-type ti 1947 ni irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde, Alec Issigonis tó padà wá ṣe Mini sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Kíńpíìnì, ìyẹn irin òòró tí táyà ń yí lára rẹ̀ bí ẹ bá yí sítíárìn, ló gbé táyà ró, kò sí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì níbẹ̀. Lẹ́yìn, ásìlì kan ṣoṣo ló gùn láti táyà dé táyà, ó sì jókòó lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ méjì, gẹ́gẹ́ bí ti pick-up.

Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ló ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ wa. Kò rí bíi páìpù. Àpótí irin kékeré ni, ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, apá irin sì yọ jáde láti ara rẹ̀ tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀ bí táyà bá ṣe ń rìn. Ṣọ́ọ̀kì alápá ni n ó máa pè é. Ní iwájú ọkọ̀, apá ṣọ́ọ̀kì yìí gan-an ni apá òkè tó di táyà mú. Bí ìdí apá náà bá ti jẹ, táyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì nìyẹn, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe aláìnmẹ́ǹtì tó tí yóò dúró. Mo ti rí àwọn tó pààrọ̀ tai-rọ́ọ̀dù (irin tí sítíárìn fi ń yí táyà) méjèèjì tán, tí sítíárìn ṣì ń rìn gbéregbère, torí kò sẹ́ni tó wo ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Títí di 1974, bọ́ńpà irin dídán ló ní, ó sì jókòó sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ọdún yẹn ń parí lọ ni bọ́ńpà rọ́bà dúdú dé nítorí òfin Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé ara ọkọ̀ sókè ní bí íńṣì kan tàbí kó lé díẹ̀ kí iná iwájú lè tó gíga tí òfin fẹ́. Bọ́ńpà tuntun yẹn wúwo. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, wọ́n yọ irin sitabiláísà iwájú, èyí tó so ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pọ̀ mọ́ tòsì kí ọkọ̀ má bàa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù, kúrò lára ọkọ̀ ti ọdún 1975 torí kí owó iṣẹ́ lè dínkù. Ọkọ̀ tó ga, tó wúwo, tí kò ní sitabiláísà: ẹ̀yin náà ẹ wo bí yóò ṣe dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà. Nínú ọkọ̀ ti ọdún 1977 ni wọ́n tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì fi sitabiláísà sẹ́yìn pẹ̀lú. Ohun tí ẹni tó ní bọ́ńpà irin nílò kò lè jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú ti ẹni tó ní bọ́ńpà rọ́bà, katalọ́ọ̀gì kì í sì í sábà sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì alápá tàbí ṣọ́ọ̀kì onípáìpù

Nídìí èyí ni àríyànjiyàn ti pọ̀ jù, ó sì tọ́ kó rí bẹ́ẹ̀, torí ṣọ́ọ̀kì ló ń pinnu bóyá táyà yóò lẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí yóò máa fò.

Alápá tó bá pé máa ń rìn pẹ̀lẹ́. Lórí ọ̀nà tí wọ́n fi àbùlẹ̀ lé àbùlẹ̀, ó máa ń gba jìgìjìgì ọ̀nà mọ́ra kó tó dé ìdí yín. Ẹ lè ṣí bóòtù orí rẹ̀ kí ẹ bu ọ́ìlì kún un, èyí tí kò ṣeé ṣe fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì onípáìpù. Bó bá le díẹ̀ ju bí ó ti wà lọ ni ẹ fẹ́, fáàfù inú rẹ̀ ṣeé yọ kí wọ́n fi èyí tó lágbára jù sí i. Àwọn kan a ní kí ẹ kàn da ọ́ìlì tó nípọn sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n lójú òtútù January ọkọ̀ á le gan, bí ọ́ìlì bá sì gbóná tán á tún rọ̀. Fáàfù ló dára ju ọ́ìlì lọ.

Àléébù rẹ̀ nìwọ̀nyí: ọ́ìlì inú rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà bí ẹ bá sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Wales fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń gbóná kó sì rọ̀. Ojú ibi tí apá ti wọlé máa ń jẹ, ọ́ìlì á sì máa jò níbẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n pè ní "àtúnṣe" lọ́jà, ọ̀dà dúdú ni wọ́n kàn fi kùn ún.

Bí wọ́n bá kó o wá fún yín, ẹ má tíì dè é mọ́ ọkọ̀. Ẹ gbé e sínú fáìsì lórí tábìlì kó dúró bí yóò ṣe dúró lára ọkọ̀, ẹ di apá rẹ̀ mú, kí ẹ fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tún dá a padà, léraléra. Ó gbọ́dọ̀ le lọ́wọ́ yín bákan náà jálẹ̀ ìrìn rẹ̀. Bí ibì kan bá wà láàárín tó kàn sáré kọjá bí ẹni pé nǹkan kan kò sí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ máa fà á títí afẹ́fẹ́ yóò fi jáde, kí ẹ bu ọ́ìlì sí i. Bí ibẹ̀ kò bá kúrò, fáàfù ló bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ mì apá náà sí ọ̀tún àti sí òsì. Kò gbọ́dọ̀ mì rárá. Èyí tó bá mì, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí ọ̀dà ara rẹ̀ bá ń dán bí iwe-owó tuntun.

Onípáìpù ní tirẹ̀ ń gba ọ́ìlì púpọ̀ sí i, kì í tètè rọ̀ bó bá gbóná, púpọ̀ nínú wọn sì ní ìdè tí ẹ lè yí láti mú un le tàbí kó rọ̀. Àmọ́ iwájú MGB kò ní àyè rẹ̀, ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń gbà á wọlé. Ọ̀kan á fi ṣọ́ọ̀kì alápá sílẹ̀ níbẹ̀ láìní fáàfù nínú, kó kàn máa di táyà mú, kí onípáìpù máa ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé bí ìdí apá bá ti jẹ, ó ṣì jẹ náà nìyẹn, ẹ kàn ti náwó lé orí àrùn ni. Ọ̀nà kejì á kó gbogbo ti àtijọ́ kúrò, á fi apá òkè tuntun sí i. Ìyẹn mọ́ púpọ̀, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ yàtọ̀. Níbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì alápá kò di nǹkan kan mú, sípíríǹgì pẹlẹbẹ ló di ásìlì mú. Àwo irin àti bóòtù díẹ̀ ni onípáìpù nílò, ẹni tó bá mọ sípánà dì lè ṣe é ní ọ̀sán kan. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ ènìyàn kì í gbé jẹ́ẹ́ lórí ìdè tó ń yí. Wọ́n á yí i lọ sí ibi tó le jù, ásìlì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí gbogbo gegele kékeré, wọ́n á sì máa pè é ní ọkọ̀ eré.

Tí ẹ bá bi mí: iwájú, alápá tí ẹni tó mọṣẹ́ tún ṣe. Ẹ̀yìn, èyí tó bá wù yín, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ onípáìpù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọ̀ jù, ẹ sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń gbé MGB gba Alps lọ sí Italy lọ́dọọdún nìkan ni mo lè sọ fún pé kó ná owó onípáìpù iwájú.

Búùṣì

Ibí yìí ni owó kékeré ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá jù lọ. Búùṣì apá ìsàlẹ̀ iwájú ni mò ń sọ ní pàtàkì. Rọ́bà ti ìpilẹ̀ tètè máa ń gbó, pàápàá bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá ń kán lé e. Nígbà tí wọ́n ṣe MGB GT V8 (MGB olórùlé tó ní ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ) láàárín 1973 sí 1976, wọ́n fún un ní búùṣì tó lágbára jù, rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú páìpù irin, ó sì bá MGB yòókù mu láìṣe nǹkan kan sí i. Èyí kẹta ni poly, ìyẹn búùṣì tí wọ́n fi polyurethane, irú ike kan tó le ju rọ́bà lọ, ṣe.

| | Rọ́bà ti ìpilẹ̀ | Búùṣì V8 | Poly |
|---|---|---|---|
| Lórí kòtò | ó rọ̀ jù | ó rọ̀ | ó le, ẹ ó gbọ́ ọ ní ìdí |
| Sítíárìn | ó ń lọ́ra díẹ̀ | ó ń jẹ́ ìpè | ó tètè jẹ́ ìpè jù |
| Ariwo | kò sí | kò sí | ó lè máa han bí gíríìsì bá tán |
| Ọjọ́ orí | kì í pẹ́ | ó ń pẹ́ | ó ń pẹ́ bí irú rẹ̀ bá dára |
| Owó | ó kéré jù | ó lé díẹ̀ | ó pọ̀ jù |

Fún ojú títì, V8 ni, n kò ní jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn. Àfi kí ẹ kíyè sí bí ẹ ṣe máa dè é. Nítorí pé rọ́bà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin, kì í yí, lílọ́ ló ń lọ́. Bí ẹ bá fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, tí táyà ń so rọ̀, ibẹ̀ ni rọ́bà yóò gbà pé ilé òun wà. Ọjọ́ tí ẹ bá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, lílọ́ ló máa wà tọ̀sán-tòru, yóò sì ya kí ọdún tó yí po. Ẹ fi ọwọ́ lásán de nọ́ọ̀tì, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, ẹ tì í síwá sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ tó wá fún un gírígírí. Bí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lẹ gbé e lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìdáhùn wọn á sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ fún yín.

Poly kì í ṣe ohun búburú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ní ojú sípíríǹgì ẹ̀yìn àti níbi tí sitabiláísà ti so mọ́ ara ọkọ̀, torí níbẹ̀ lílágbára rẹ̀ wúlò, jìgìjìgì ọ̀nà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó bá fi poly sí gbogbo ojú ihò tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n lára.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà lábẹ́ ibẹ̀, ẹ wo kíńpíìnì. Ojú gíríìsì mẹ́ta ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìwé ọkọ̀ sì ní kí a máa fún un ní gíríìsì lẹ́yìn gbogbo 3,000 máìlì. Ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwúwo ọkọ̀ kò ní jẹ́ kí gíríìsì wọ ibi tí irin ti ń jẹ irin. Sítíárìn tó wúwo bí òkúta, ibẹ̀ ni ìwòsàn rẹ̀ sábà máa ń wà, lọ́fẹ̀ẹ́.

Sípíríǹgì àti gíga ọkọ̀

Ẹ mú tépù, ẹ wọn láti àárín táyà dé etí irin tó bò ó, ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni o. Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ sábà máa ń rẹlẹ̀ ju èkejì lọ lára ọkọ̀ àtijọ́, torí ẹ̀gbẹ́ yẹn kì í jókòó lófìfo. Bí ìyàtọ̀ bá hàn gbangba, sípíríǹgì ti rẹ̀ nìyẹn, méjèèjì lẹ máa pààrọ̀ pọ̀.

Le mélòó? Sípíríǹgì iwájú MGB aláìlórùlé jẹ́ 348 pọ́n-ùn sí íńṣì kan, ti GT tó lórùlé tó sì wúwo jù jẹ́ 480. Ọ̀pọ̀ máa ń gbé ti GT sínú aláìlórùlé. Ó ń dín dídà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kù, lóòótọ́, títì márosẹ̀ M25 á sì dùn lórí rẹ̀. Ẹ wá gbé e gba ọ̀nà abúlé tí gbòǹgbò igi ti gbé títì sókè, ẹ ó rí i pé iwájú ọkọ̀ ń fò kúrò nílẹ̀ nígbà tí ẹ fẹ́ kó dì í mú. Táyà tí kò kanlẹ̀ kò lè yà, kò sì lè dúró. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ fi sípíríǹgì sílẹ̀ bó ṣe wà nìyẹn. Sitabiláísà ló yẹ kó bá dídà sẹ́gbẹ̀ẹ́ jà.

Rírẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Fún bọ́ńpà irin, mi ò rí ìdí rẹ̀ lójú títì. Páìpù èéfín MGB ti sún mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, gegele tó wà ní àdúgbò London kò sì lójú àánú. Bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àyè tí sípíríǹgì ní láti rìn kó tó kan rọ́bà ìdádúró náà dínkù, gbogbo kòtò á wá di ìlù. Fún bọ́ńpà rọ́bà, ọ̀rọ̀ yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dá íńṣì tí Amẹ́ríkà gbé e sókè yẹn padà. Ọkọ̀ tó sún mọ́lẹ̀ díẹ̀ kì í dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ náà sì dùn-ún wò. Níwájú, sípíríǹgì tó kúrú díẹ̀ ni. Lẹ́yìn, àwọn kan ń fi bulọ́ọ̀kù irin sáàárín ásìlì àti sípíríǹgì, àwọn kan ń ra sípíríǹgì pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Bulọ́ọ̀kù kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́. Sípíríǹgì tó tọ́ mọ́ jù, pàápàá bí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti fẹ́ pààrọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lórí sípíríǹgì ẹ̀yìn, ẹ ó tún bá èyí tí wọ́n ń pè ní parabolic pàdé. Ewé irin rẹ̀ kò pọ̀, wọn kì í sì í ha ara wọn bíi ti ìpilẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń gba kòtò kéékèèké mọ́ra dáadáa. Àmọ́ híha tí ewé ti àtijọ́ ń ha ara wọn yẹn, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ló ń bá wọn ṣe. Bó bá ti lọ, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn nìkan ló kù láti ṣe é. Ẹni tó bá fi parabolic sórí ṣọ́ọ̀kì alápá tó ti gbó yóò máa jó lọ jó bọ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ rà wọ́n pọ̀ tàbí kí ẹ má rà á rárá. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ tuntun ti ìpilẹ̀ sì máa ń gbé ẹ̀yìn ga lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má tíì bínú, ẹ wà á fún ìgbà díẹ̀ kó jókòó.

Irin sitabiláísà

Ìṣirò kékeré kan wà níbí tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ra èyí tó nípọn jù lórí tábìlì. Líle irin sitabiláísà kì í kàn pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà bí ìnípọn rẹ̀ ṣe pọ̀ sí i. Ìnípọn náà ni a ó fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́rin: ìnípọn × ìnípọn × ìnípọn × ìnípọn. Irin 9/16 íńṣì ló wà lára bọ́ńpà irin. Bí ẹ bá fi 3/4 sí i, ojú á kàn rí i pé ó sanra díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Bó bá jẹ́ 7/8, ó ti sún mọ́ ìlọ́po mẹ́fà.

Ìlọ́po mẹ́ta tó. Ní 3/4, ọkọ̀ á dúró gbọin ní kọ́nà, ìrìn rẹ̀ lójú ọ̀nà tààrà kò sì ní yí padà púpọ̀, torí sitabiláísà kì í ṣiṣẹ́ bí táyà méjèèjì bá jọ gòkè pọ̀. Ní 7/8, bí táyà kan bá bọ́ sí kòtò, èkejì á gbọ́ ọ, iwájú ọkọ̀ á sì máa sún jáde kúrò ní kọ́nà lójú òjò kí ẹ̀yìn tó sọ nǹkan kan. Ti pápá ìdíje nìyẹn.

Èyí tó wà lẹ́yìn lára bọ́ńpà rọ́bà láti 1977, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ti iwájú rẹ̀. Wọ́n jọ ṣe wọ́n fún ara wọn ni. Ẹ má wulẹ̀ kó ti ẹ̀yìn nìkan sí ọkọ̀ bọ́ńpà irin. Ẹni tó sì ní ọkọ̀ ti 1975 tí kò ní ọ̀kankan, kó ra ti iwájú kó tó ra ohunkóhun mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí.

Táyà àti aláìnmẹ́ǹtì

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà MGB kì í fi rírìn tán, ọjọ́ orí ló ń pa á, torí ọkọ̀ náà kì í rìn púpọ̀. Orí rẹ̀ á ṣì ga, rọ́bà rẹ̀ á ti le bí igi. Kò sí ṣọ́ọ̀kì tó lè tún ìyẹn ṣe.

Láàárín 165 tó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti 185/70 tó gbòòrò, 165 ló fún mi ní ohun tí mo fẹ́: sítíárìn fúyẹ́, ọkọ̀ á sọ fún yín kó tó yọ̀. 185 ń di ilẹ̀ mú jù lọ́jọ́ gbígbẹ, ṣùgbọ́n ẹ ó làágùn bí ẹ bá ń páàkì, torí castor MGB (bí kíńpíìnì ṣe fi orí dà sẹ́yìn) tó dígírì 7, ìyẹn gan-an ló sì ń mú kí sítíárìn padà sáàárín fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń dín castor yẹn kù. Ẹ kọ́kọ́ fún kíńpíìnì ní gíríìsì.

Aláìnmẹ́ǹtì rẹ̀ kò ṣòro: iwájú táyà méjèèjì kó sún mọ́ra ju ẹ̀yìn wọn lọ ní 1/16 sí 3/32 íńṣì. Toe, ìyẹn ìwọ̀n tí mo sọ yìí, nìkan ló ṣeé yí lọ́nà ìrọ̀rùn. Camber, ìyẹn bí orí táyà ṣe dà sínú tàbí síta, ti dúró láti ilé iṣẹ́, bí kò bá sì dọ́gba lápá méjèèjì, nǹkan kan ti gbó tàbí ti tẹ̀.

Òfin, kí ẹ tó náwó

Láti May 2018, ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò MOT (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún) mọ́, bí kò bá ti sí àyípadà ńlá lára rẹ̀. Yíyí irú ẹsẹ̀ ọkọ̀ padà pátápátá lè kó yín sínú àyípadà ńlá yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin fi àyè sílẹ̀ fún àtúnṣe tó jẹ́ ti ààbò àti èyí tó wọ́pọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe ọkọ̀ náà. Búùṣì àti sitabiláísà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ju ásìlì ẹ̀yìn nù kó fi ẹsẹ̀ tó dá dúró síbẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní tiwọn fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ṣọ́ọ̀kì onípáìpù. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó wá a rí lọ́jọ́ ìjàm̀bá. MOT kò pọn dandan, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbé tèmi lọ lọ́dọọdún. Ojú ẹlòmíràn lábẹ́ ọkọ̀ tọ́ sí owó náà.

Èwo ni tiyín?

Bí owó kò bá pọ̀ lọ́wọ́, ẹ ra búùṣì V8, gíríìsì àti táyà tuntun. Ẹ ó rò pé wọ́n ti pààrọ̀ ọkọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Bí owó bá tún jọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ tún ṣọ́ọ̀kì iwájú ṣe, kí sitabiláísà 3/4 tẹ̀ lé e bí ti yín bá jẹ́ bọ́ńpà irin.

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ bọ́ńpà rọ́bà, ẹ kọ́kọ́ rí i pé sitabiláísà iwájú wà níbẹ̀, kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní íńṣì kan, lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí orí búùṣì.

GT tó ń rin ìrìn àjò gígùn, tí ẹrù àti ọmọ sì ń jókòó lẹ́yìn, òun ni mo lè fún ní parabolic pẹ̀lú onípáìpù ẹ̀yìn tó rọ̀, nítorí ìwúwo ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń yí padà.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà nídìí pápá ìdíje, tó kàn ń gba ojú títì débẹ̀, kò sí nínú àwọn tí mo ń bá wí. Kó ra 480, 7/8 àti poly, kó sì bẹ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin yòókù, ohun kan ni kí ẹ máa ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wà á kí ẹ tó ṣe èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní mọ èyí tó tún un ṣe àti èyí tó bà á jẹ́. Kí aláìnmẹ́ǹtì sì kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn tí sípíríǹgì tuntun bá ti jókòó, pẹ̀lú ìlàjì epo nínú táǹkì àti ènìyàn tó wúwo tó yín lórí ìjókòó awakọ̀.